Iyàrá Tó Ń Dúró De Kò-Yé-Mi

Òdo ni ilẹ̀kùn náà kọ sára. Ó tóbi tó àwo ìjẹun, ó ń tàn yòò lókè orúkọ Màmá Fẹ̀hìntọlá, inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró síwájú rẹ̀ sì ń dùn bí inú ẹni tó yege ìdánwò. Wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Kóyèjọ, olórí kíláàsì wọn, ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́jọ ju ẹni tó kéré jù nínú wọn lọ, tó sì dá irùngbọ̀n sí kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé, ń rìn síwá sẹ́yìn bíi bàbá ìyàwó. Ó ní ogójì ènìyàn, kò sí kò-yé-mi kan ṣoṣo, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ kẹta léraléra báyìí tí orúkọ Màmá mọ́ nigínnigín.

Dúródọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró sẹ́yìn wọn, ó gbá wàláà rẹ̀ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára Bàbá Àjàgbé, olùtọ́jú ilé náà, tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó gbé àgádágodo onírin ńlá kan lé itan. Gbogbo wọn ló rí àgádágodo náà. Wọ́n rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹrù àtijọ́ tí bàbá máa ń nù kiri ni. Dúródọlá nìkan ló mọ ohun tó wà fún, torí òun nìkan ló béèrè.

Òun ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ orí okùn àkọ́kọ́ tó ń gbé ènìyàn gun Òkè Arégbé ló wọ̀. Ní Abà Láwàní tó ti wá, ẹrẹ̀ ni ẹni tó bá pẹ́ dé ìdí kànga máa ń bá, àṣà náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ó gba àárín àwọn gbọ̀ngàn yunifásítì kọjá. Àwọn gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó láyé àwọn bàbá ńlá wọn, tí olùkọ́ kan á máa sọ̀rọ̀ níwájú tí àwọn tó wà lẹ́yìn á máa sùn, olú ló ń hù nínú wọn báyìí. Òkùnkùn ibẹ̀ dára fún olú. Orí wàláà ni gbogbo ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ lè gba oyè láìrí ojú olùkọ́ kankan títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Iyàrá Màmá Fẹ̀hìntọlá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ omi, nìkan ló ṣẹ́kù lórí gbogbo òkè náà tí ènìyàn ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́.

Bàbá Àjàgbé ló bá níbẹ̀, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kan epo sí ojú àgádágodo. Dúródọlá dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì béèrè ohun tí bàbá fẹ́ tì.

"Kíláàsì yín ni, ọmọ mi," ni bàbá dá a lóhùn, kò sì gbójú sókè.

Dúródọlá rò pé àwàdà ni. Bàbá wá fi ìyẹ́ adìyẹ náà tọ́ka sí pátákó idẹ kan tó wà lókè àtẹ́rígbà, tí eruku ti bò tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Ọmọkùnrin náà nàgà, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì kà á. Àkọsílẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé sí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láìmú ìbéèrè kankan wá, ẹ̀kọ́ náà ti yé gbogbo ayé nìyẹn; kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí wọ́n má ṣe ṣí i mọ́. Àkọsílẹ̀ kejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: olùkọ́ kò gbọdọ̀ tọrọ ìbéèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu nínú iyàrá kí ìbéèrè tó wọlé. Bàbá ṣàlàyé pé ìgbà kan wà tí àwọn olùkọ́ ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n wá béèrè ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ojú má baà tì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí òfin fi dí wọn lẹ́nu.

"Iyàrá yìí, kò-yé-mi ni oúnjẹ rẹ̀," bàbá wí. "Bẹ́ ẹ bá gbé òdo wá, kò ní jí. Mo ti rí i lójú mi rí nígbà tó jí. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò rántí gbálẹ̀ mọ́. Mi ò rántí gbé itọ́ mì. Kí ni Màmá yín fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi ń febi pa á?"

Dúródọlá tún pátákó náà kà. Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá ìdí tí kò fi sọ fún wọn láti ọ̀sẹ̀ kìíní.

"Ta ló bi mí?" ni bàbá wí, ó sì ń kan epo rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá, ọ̀wọ̀ ló sọ ọ́ di líle. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, àṣewá máa ń dé sórí wàláà akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe nílé kó tó wá sí kíláàsì: àwòrán tó ń sọ̀rọ̀, àdánwò kéékèèké tó ní láti fi omi inú ife àti ahá ṣe nínú ilé ìdáná, àti ìbéèrè mélòó kan. Níparí rẹ̀, bọ́tìnnì méjì á yọjú, ọ̀kan á ní *ó yé mi*, èkejì á ní *kò yé mi*. Ó parí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gun òkè, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, wọ́n bá a tó ti kọ *mẹ́tàdínlógójì* gàdàgbà lókè orúkọ Màmá. Ẹni mẹ́tàdínlógójì nínú ogójì ni àṣewá kò yé, orúkọ wọn sì tò sábẹ́ rẹ̀. Kóyèjọ fi ọwọ́ lé orí. Ó ní ẹ wo ohun tí a fi kan orúkọ àgbàlagbà bí ẹ̀sùn, obìnrin tó ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí bàbá ẹlòmíràn nínú wa, tí a wá ń kéde fún aráyé pé kò mọ̀ ọ́n kọ́.

Tá a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ Yorùbá pé bí tíṣà bá ní ṣé ó yé yín, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, kódà bí tíṣà bá ń sọ èdè àwọn ẹja. Nítorí náà, níwájú ilẹ̀kùn, gbogbo wọn gbé wàláà, wọ́n yí i padà sí *ó yé mi*, wọ́n sì bá ara wọn dá májẹ̀mú pé kò sẹ́ni tó máa tún ba orúkọ Màmá jẹ́. Mẹ́tàdínlógójì di òdo. Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n wọlé, iyàrá sì ṣókùnkùn. Màmá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi ọwọ́ sáàárín orúnkún, ó ń wò wọ́n. Àwọn náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni wákàtí kan ṣe kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni wí pín-ín. Nígbà tí wọ́n jáde, Kóyèjọ ní inú ló dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá kò fi lè sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀, inú Màmá sì tún dùn títí tí omi fi lé ròrò sí i lójú.

Dúródọlá wà nínú májẹ̀mú náà. Ó tún jẹ gbèsè ọpẹ́ pẹ̀lú, torí nígbà tó dé Òkè Arégbé tí kò rí ibi sùn, Kóyèjọ ló pín ẹní rẹ̀ sí méjì fún un. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọmọkùnrin yìí tí kò jẹ́ kó gbádùn. Kànga kan wà lẹ́yìn ilé ìyá ìyá rẹ̀, kànga jíjìn tí wọ́n gbẹ́ la àpáta kọjá. Bó bá ku ọjọ́ kan kí òjò rọ̀, omi kànga náà á gòkè. Kì í ṣe òjò ló ń wọ inú rẹ̀; òjò kò tíì rọ̀, ojú ọ̀run lè mọ́ kedere. Ìyá àgbà á fi ẹfun fa ìlà sára ògiri kànga lówùúrọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí omi ti bo ìlà náà, á kígbe sí gbogbo abà pé kí wọ́n kó àgbàdo wọlé. Láti ìgbà tí òjò ti kọ̀ tí kò mọ àsìkò mọ́, tí àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń wo ojú ọ̀run ń sọ òní ń sọ ọ̀la, kànga yẹn nìkan ni kì í parọ́, abà mẹ́fà ló sì ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbìn, kí wọ́n tó kórè, kí wọ́n tó rán ọmọ sọdá odò.

Nígbà tó wà ní kékeré, tó bá béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á ní bí Olúwa ṣe dá a nìyẹn. Nígbà tó dàgbà, ó bi wàláà. Wàláà ní òun kò rí irú rẹ̀ nínú ohun tí òun mọ̀, ó sì kí i pé ó kú ìrònú. Ìdí nìyẹn tó fi wá sí Òkè Arégbé, tó fi forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ omi lọ́dọ̀ ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Àṣewá ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ló sì jẹ ẹ́ lógún jù. Ó ní afẹ́fẹ́ wúwo. Dúródọlá wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dojú ife omi délẹ̀ pẹ̀lú pépà lẹ́nu rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, omi náà kò sì dà. Kò yé e. Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Ó tẹ *ó yé mi*, ìka rẹ̀ sì wúwo ju afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń sọ lọ.

Ó ti gbìyànjú kó tó di ìsinsìnyí. Nígbà tí àwọn yòókù dé, ó fa Kóyèjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ọ̀rọ̀ àgádágodo àti pátákó idẹ fún un. Kóyèjọ rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá bàbá tó ń gbálẹ̀ ló wá ń túmọ̀ òfin yunifásítì fún wọn. Ó ní bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni, Màmá ì bá ti sọ. Dúródọlá ní òfin ti dí Màmá lẹ́nu. Ẹ̀rín kúrò lójú Kóyèjọ nígbà náà.

"Gbọ́, Dúródọlá," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá tẹ kò-yé-mi, orúkọ rẹ̀ ló máa hàn sára ilẹ̀kùn yẹn. Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Màmá ò mọ̀ ọ́n kọ́? Ìwọ, tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?"

Dúródọlá padà sẹ́yìn, ó dúró síbẹ̀ látìgbà náà, ó ń wo òpó ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí ilẹ̀kùn. Òpó náà ń kúrú díẹ̀díẹ̀. Bó bá tán, aago mẹ́sàn-án nìyẹn, ilẹ̀kùn á ṣí, kò sì sí bọ́tìnnì tó máa yí padà mọ́. Ó ti kù bí ìka ọwọ́ méjì.

Màmá Fẹ̀hìntọlá dé. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, ó sì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn, kò sì ṣi ẹyọ kan pè. Aṣọ òfì rẹ̀ tó dára jù ló wọ̀. Ó wo òdo ara ilẹ̀kùn. Ó wo àgádágodo.

"Àjàgbé, o ti tètè dé," ó wí.

"Mo ti dé, Mà."

"Fi epo sí i dáadáa. Kò dára kó há."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwọn àgbà méjèèjì ń ṣàwàdà. Ojú Dúródọlá bọ́ sí ọwọ́ òsì Màmá. Agbọ̀n ni ó gbé dání, agbọ̀n ńlá, òfìfo. Kì í gbé agbọ̀n wá sí kíláàsì. Ó ṣe ọmọkùnrin náà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́yìn nígbà tó mọ ohun tí agbọ̀n náà wá ṣe: ẹrù rẹ̀ ni Màmá fẹ́ kó. Ó ti mọ̀ láti ilé. Ó wọ aṣọ rere, ó gbé agbọ̀n, ó wá jókòó nínú òkùnkùn fún wákàtí kan kó lè wo ojú wọn tán, kó tó kó ẹ̀rọ ìwọn-omi rẹ̀ àti àpótí rẹ̀ sínú agbọ̀n, kó sì sọ̀kalẹ̀ òkè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó kù. Àwọn tó sì rò pé àwọn ń ṣe é lóore ló ń ṣe é báyìí.

Òpó ìmọ́lẹ̀ ku ìka kan.

Ẹ̀rù bà á gan-an, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Kì í ṣe ẹ̀rù Kóyèjọ nìkan, tàbí ti ẹní tí wọ́n pín. Ẹ̀rù pé ìbéèrè òun jẹ́ ìbéèrè ọmọdé ló bà á, pé àwọn mọ́kàndínlógójì tó kù ti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wúwo láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé òun nìkan ni ará oko. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ojú wàláà, ó padà. Lẹ́yìn náà ló rántí ìyá àgbà, tó ń tẹ̀ ba lórí kànga láràárọ̀ pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, tí ojú kì í tì láti béèrè lọ́wọ́ omi. Ó tẹ *kò yé mi*.

Wàláà kì í gba kò-yé-mi lásán. Ó fẹ́ gbọ́ ohun tí kò yé ọ lẹ́nu rẹ. Ó fi ohùn obìnrin jẹ́jẹ́ kan béèrè, gbogbo èrò sì yíjú padà.

"Ẹ̀yin lẹ ní afẹ́fẹ́ wúwo," ni Dúródọlá wí. "Bó bá wúwo, ta ló ń rù ú? Àti pé, kí ló dé tí omi kànga wa ní Abà Láwàní fi ń gòkè kí òjò tó rọ̀?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì. Òdo ara ilẹ̀kùn mì tìtì, ó di ení, orúkọ Dúródọlá sì yọ sábẹ̀ orúkọ Màmá pẹ̀lú lẹ́tà tó ga tó ọmọ ọdún kan. Kóyèjọ kò bínú. Ó kàn wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó tú àṣírí ilé, ìyẹn sì dun Dúródọlá ju ìbínú lọ. Kò lè wo ojú Màmá rárá. Òpó ìmọ́lẹ̀ tán. Ilẹ̀kùn ṣí.

Wọ́n wọlé. Iyàrá náà rí roboto, kò ní àga, kò ní fèrèsé, òkùnkùn rẹ̀ sì ni wọ́n mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì wá. Wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ là.

Mo mọ̀ pé àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ ń yà ni, àwọn náà sì mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí nínú wọn. Ogójì ènìyàn fò dìde, wọ́n di ara wọn mú, torí abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ti di gíláàsì tó mọ́ gaara. Wọ́n rí ilẹ̀ pupa lábẹ́ wọn. Wọ́n rí gbòǹgbò igi. Nísàlẹ̀ ìyẹn, àpáta dúdú kan tẹ́ rẹrẹẹrẹ, ó nípọn tó ilé alájà mẹ́ta, ó sì bo ohun kan mọ́lẹ̀. Ohun náà ń mì, ó ń tàn, ó lọ títí lábẹ́ àpáta náà dé ibi tí ojú kò lè dé. Omi ni. Odò tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, tí abà mẹ́fà ń mu, ló dùbúlẹ̀ lábẹ́ òrùlé òkúta. Láàárín gbùngbùn iyàrá, ihò kan la àpáta náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Dúródọlá mọ ihò náà. Iyàrá ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì ti fi gbẹ́ kànga.

"Ẹ wòkè," ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹniìtàn wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

Wọ́n wòkè. Àjà ti pòórá. Afẹ́fẹ́ ti ní àwọ̀, ó dúdú bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, ó sì dúró lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan bí òpó. Òpó kan lórí Ẹniìtàn, òpó kan lórí Kóyèjọ, òpó kan lórí Màmá tó ṣì di agbọ̀n rẹ̀ mú, gbogbo wọn ga, wọ́n ga, wọ́n gba inú ìkùukùu kọjá, wọ́n kọjá ibi tí ẹyẹ ń dé, títí tí wọ́n fi fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì tán nínú dúdú tí àwọn ìràwọ̀ wà. Kóyèjọ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, aró náà sì pín yí ìka rẹ̀ ká. Orí Dúródọlá wú. Ó ti béèrè ẹni tó ń ru afẹ́fẹ́. Òun ni. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i ló ti ń ru ọ̀run, kò sì mọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn Màmá nínú iyàrá náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ha díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ọjọ́ pípẹ́.

"Dúródọlá, ọmọ mi. Bá mi lọ sí etí kànga yẹn." Ó mú ẹfun kan jáde nínú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́. "Fa ìlà sí ibi tí omi dé. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má wo ẹnu mi o. Mi ò ní sọ ìdáhùn fún yín. Ẹ wo omi."

Dúródọlá kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì fa ìlà bí ìyá àgbà ṣe máa ń fà á. Iyàrá gba ìlà náà, ó fi í sí ara ògiri kànga. Màmá béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Ẹnì kan rántí láti inú àṣewá, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú, pé ó máa ń fúyẹ́. Bó ṣe sọ ọ́ tán, òpó aró tó wà lórí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù, ó di aláwọ̀ sánmà, ó di fífẹ́lẹ́. Omi inú kànga mì. Ó gòkè. Ó bo ìlà ẹfun náà mọ́lẹ̀, níwájú gbogbo wọn, láìsí ẹ̀kán òjò kan.

Wọ́n gbàgbé májẹ̀mú pátápátá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ẹnì kan ní àpáta ló ń fún omi náà jáde. Ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀ kọ́, àpáta kò kúrò níbi tó wà. Ẹniìtàn dojú bolẹ̀, ó tẹ́ gbalaja, ó ń wo ibi tí òkúta àti omi ti pàdé, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tún wúwo kí òun wò ó. Màmá yí ọwọ́ kan, aró padà, omi sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní kó fúyẹ́, omi gòkè. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀meje. Màmá kàn ń rìn yí wọn ká, ó ń bi èyí pé kí lo rí, ó ń bi ìyẹn pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lápá ọ̀dọ̀ tìrẹ náà, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Kóyèjọ dúró sókè kànga, ó ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, nígbà tó sì lanu, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń sọ ọ́ sókè.

"Òrùlé ni," ó wí. "Níbi tí àpáta wà, àpáta ń bá omi ru afẹ́fẹ́. Inú kànga nìkan ni kò sí òrùlé. Ibẹ̀ nìkan ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé gbogbo ọwọ́ rẹ̀ lé omi lórí. Bó bá wá mú ọwọ́ fúyẹ́ kí òjò tó dé..."

Kò parí rẹ̀. Kò sí ìdí fún un láti parí rẹ̀. Ogójì ènìyàn ń wo omi kan tó ti ń sọ òótọ́ fún àwọn ará oko láti ayébáyé, tí ẹnikẹ́ni lórí òkè náà kò bi léèrè ọ̀rọ̀ rí. Dúródọlá rò ó pé bí òun bá délé, òun á sọ fún ìyá àgbà pé ọwọ́ ọ̀run ni wọ́n ń fi ẹfun wọ̀n.

Kóyèjọ yíjú sí i. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí àgbà ṣe ń mi í nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló gbé wàláà rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ fi ń fúyẹ́ kí òjò tó dé? Ìyẹn gan-an kò yé mi." Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹniìtàn tẹ tirẹ̀ láti ilẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sí. Ìró bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri iyàrá, tí-tí-tí, bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ilẹ̀ sì ń là níbi kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti dún: òkè ńlá kan yọ níhìn-ín, òkun kan ṣí lọ́hùn-ún, ìjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ká ara rẹ̀ jọ lókè orí wọn.

Ti òní ti kọjá; ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni gbogbo wọn ń tẹ̀ ẹ́ fún. Láti ibi tó dúró, Dúródọlá rí Bàbá Àjàgbé nínú àlàfo ilẹ̀kùn. Bàbá ti dìde lórí àpótí, ó ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè lára ilẹ̀kùn, àgádágodo sì rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ohun tó gbàgbé pé òun gbé dání. Ó di ogún. Ó di ọgbọ̀n. Bàbá na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ rẹ̀, kò sì gbálẹ̀.

Màmá Fẹ̀hìntọlá dé àárín wọn. Ó nu ojú rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú etí gèlè, ó sì béèrè ohun tí gbogbo tíṣà ti ń béèrè lọ́wọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ó yé yín?"

Wọ́n wo ara wọn. Dúródọlá ló kọ́kọ́ lanu, ṣùgbọ́n kí ó tó sọ ọ́ tán, mọ́kàndínlógójì ohùn ti bá tirẹ̀ pọ̀.

"Kò yé wa, Mà."

"Ẹ ṣeun," ni Màmá wí. Ó dojú agbọ̀n òfìfo rẹ̀ délẹ̀, ó sì jókòó lé e lórí.